Kí Aago Méjìlá Ọ̀sán Tó Lù

"Ṣé ẹ ti gbé ibùsùn sọ̀kalẹ̀ sí pálọ̀ fún un, àbí ẹ̀yin méjèèjì ṣì máa máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè?"

Janelle, obìnrin tó ń mójú tó ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìtọ́jú náà, ló da ìbéèrè yìí bo Marlys Kangas lẹ́nu ilẹ̀kùn, nígbà tí yìnyín kò tíì yọ́ tán lórí bàtà rẹ̀. Marlys rẹ́rìn-ín. Ó rò pé Janelle ṣi òun mú fún ẹlòmíràn ni.

"Fún ta ni?"

"Fún Reino. Ṣebí ọ̀la ló ń lọ sílé."

Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú Marlys lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló kú, bí iná tí igi ti tán nínú rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún nìyí tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ wá síbí láti ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n fi irin to egungun ìbàdí rẹ̀ tó kán. Lánàá gan-an, ẹni méjì ló gbé e dìde lórí ìjókòó ilé ìyàgbẹ́. Ojú rẹ̀ ló ṣe.

"Ta ló ní ó ń lọ sílé?"

Janelle wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fà á wọ inú ọ́fíìsì, ó sì ti ilẹ̀kùn. "Ìyáàfin Kangas, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín ní àwọn ò ní san owó ibí mọ́ láti ọ̀la lọ. Mo mú ìwé rẹ̀ fún Reino láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó kà á, ó fọwọ́ sí i. Ó ní òun á sọ fún yín."

"Ọjọ́rú lòní, Janelle."

"Mo mọ̀, mà."

Ó ṣí fáìlì Reino, ó sì yí i sí Marlys kó fi ojú ara rẹ̀ kà á. *Aláìsàn ní òun ò ní ìrora. Aláìsàn ní kò sí ìṣòro. Aláìsàn rin ọgọ́fà ẹsẹ̀ bàtà. Aláìsàn ní òun á lè ṣe gbogbo nǹkan nílé.* Ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́, bí ẹni ń ka àdúrà.

"Ohun tí wọ́n rí kà nìyẹn níbi tí wọ́n jókòó sí," ni Janelle wí. "Ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n wà. Wọn ò rí i rí."

"Àti ẹni tó ń di bẹ́líìtì rẹ̀ mú látẹ̀yìn fún gbogbo ọgọ́fà yẹn, ṣé wọ́n kọ ìyẹn?"

Janelle ń fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ tábìlì.

Kò yẹ kí Marlys bínú sí fáìlì. Ọmọ ìlú ìwakùsà lòun náà. Ó mọ̀ pé ọkùnrin ìlú wọn kì í sọ ibi tó ń dùn ún. Òkúta á já lu ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú kòtò, wọ́n á bi í léèrè, á ní, "Kò burú jù." Iná á jó ilé rẹ̀ kanlẹ̀, "Kò burú jù." Wọ́n á ti ibi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ dé, kí o bi í bó ṣe ń ṣe é, èsì kan náà ni. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ní ìlú wọn, bí inú bá ń run alángbá gan-an ló tún ń dakùn délẹ̀ dáadáa.

"Tí Reino bá dúró síbí láìsí owó ìnṣọ́ránsì ńkọ́?"

"Irínwó dọ́là ó lé mẹ́wàá lójúmọ́."

Marlys gbé owó yẹn mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. "Tí mo bá ní mi ò gbà ńkọ́?"

Ìgbà yìí ni Janelle gbójú sókè. Ó jọ pé ó ti ń retí kí ẹnìkan bi í ní ìbéèrè yẹn láti ọdún tó kọjá. "Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìwé tó wà lọ́wọ́ Reino. Ẹ̀ka tí ìjọba yàn ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ pè wọ́n kí aago méjìlá ọ̀sán òní tó lù. Tó bá lù, ọ̀nà tó kù gùn, á sì ti délé tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá yín lóhùn."

Aago ara ògiri ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

*

Reino ti fá irùngbọ̀n. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Marlys fẹ́ràn, ó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, àpò rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí Marlys ṣe wọlé, ojú ọkùnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin yìí tàn bí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dúró de ọmọge níwájú ilé sinimá.

"Mo fẹ́ yà ọ́ lẹ́nu," ló wí.

"O ti yà mí lẹ́nu. Ìwé yẹn dà?"

Ó tọ́ka sábẹ́ ìrọ̀rí. Marlys fà á yọ. Ìfọwọ́síwé rẹ̀ rèé nísàlẹ̀, gbọnrangandan, bí ti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

"Kí ló dé tí o fọwọ́ sí i?"

"Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Ìwé ni."

"Ìwé ni! Bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé àwọn fẹ́ sin ọ́ lọ́la, ìwé náà ni. Wàá yá bírò!"

"Kí ló ń gbóná báyìí, Marlys? Ara mi ti yá."

"Ó ti yá." Marlys fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ó dáa. Dìde, wá fẹnu kò mí lẹ́nu níbi tí mo dúró sí."

Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni. Reino rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ apá àga. Ó gbé ara. Ìbàdí rẹ̀ kúrò lórí tìmùtìmù níwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ọrùn rẹ̀ le, ètè rẹ̀ funfun. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà jókòó gbì.

"Àga yìí ló rẹlẹ̀ jù," ló wí.

Marlys kò rìn lọ bá a. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin yẹn wà láàárín wọn bí odò, kálukú sì dúró sí etí tirẹ̀.

"Alẹ́ ló le níbí," ni Reino wí nígbà tó yá, ojú rẹ̀ lọ́nà fèrèsé. "Mi ò gbọ́ èémí rẹ. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo fi gbọ́ ọ. Mo máa ń jí, màá tẹ́tí, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni mo máa ń gbọ́."

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yìí ì bá yọ́ Marlys dànù. Àní ó yọ́ ọ lóòótọ́, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ọkọ rẹ̀ ò dé. Ṣùgbọ́n ó ti ń wá awò ojú rẹ̀ kó lè ka nọ́ńbà.

Bernadine Zupan ṣílẹ̀kùn wọlé láìkan án. Aládùúgbò wọn ni, òun ló fi ọkọ̀ gbé Marlys wá nítorí pé ojú ọ̀nà ń yọ̀. Búrẹ́dì ẹlẹ́pà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa ń ká roboto wà lábíyá rẹ̀, ó wé e sínú aṣọ ìnuwọ́.

"Mo ń gbọ́ ariwo yín láti ẹnu géètì. Ta ló kú?"

"Kò tíì kú," ni Marlys wí. "Ilé ni wọ́n fẹ́ kó lọ kú sí." Ó na ìwé náà sí i.

Bernadine kà á, ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Ó jókòó sórí ibùsùn Reino láìtọrọ àyè. "Haà! Nígbà tí wọ́n wá ta káàdì ìnṣọ́ránsì yìí fún wa ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Kọfí, kéèkì, ọmọkùnrin onítáì tó ń pe gbogbo wa ní ọmọge! Ó ní wọ́n á bá wa tọ́jú eyín lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní bí a bá ti ilé ìwòsàn jáde tí a nílò ilé ìtọ́jú, ó lè tó ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ọgọ́rùn-ún! Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́, ańjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan."

"Bernadine, jẹ́ ká simi," ni Reino wí.

"Ìwọ ni kí o simi. Nígbà tó kan Frank ọkọ mi, èmi náà ní kò burú, kò burú. Ọkọ̀ ojú omi wa dà báyìí? A tà á san owó ìtọ́jú rẹ̀, onísègùn eyín kan ló ń fi í pẹja." Ó ti ń gé búrẹ́dì. "Jẹun, Marlys. A kì í fi ebi jà."

Marlys fi ègé búrẹ́dì kan sẹ́nu, kò mọ̀ pé òun ń jẹ ẹ́. Fóònù rẹ̀ dún lọ́wọ́. Rhonda ni, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Arizona níbi tí kò sí yìnyín. Marlys ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i láti ọ́fíìsì.

"Màmá, ẹ gbé Bàbá lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ fẹ́ bá ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì jà sí? Wọn kì í pàdánù. Màá wá ẹnìkan tí á máa wá wò wọ́n."

"Lọ́jọ́ mélòó lọ́sẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Wákàtí méjì méjì."

"Ọjọ́ márùn-ún tó kù ńkọ́? Kí ó di ìtọ̀ mọ́ra?"

"Màmá! Mo sọ fún yín nígbà yẹn pé kẹ́ ẹ má kúrò lórí ètò ìlera ìjọba. Mo sọ ọ́. Ẹ ní eyín, eyín."

"O sọ ọ́," ni Marlys wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "O gbọ́n jù mí lọ. Ó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Aago ń lọ."

Ó pa fóònù. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó tẹ nọ́ńbà tó wà lára ìwé.

Orin ni wọ́n fi kí i, orin dùùrù kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Láàárín orin, ohùn ọkùnrin kan á ní ìpè rẹ̀ ṣe pàtàkì sí àwọn. Marlys gbé ohùn fóònù sókè, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ Reino lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó yí i ká bí ẹni ń yáná. Aago mọ́kànlá kọjá ogún. Aago mọ́kànlá ààbọ̀.

"Ká ní láàárín orin báyìí ni mo ti ń sọ fún Frank pé ó ṣe pàtàkì sí mi," ni Bernadine wí, "ṣé ì bá fẹ́ mi?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Reino ń wo àpò rẹ̀ tó ti dì. "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, Marlys," ló wí. "A ò yọ ẹnìkan lẹ́nu rí láyé wa."

"Òní la bẹ̀rẹ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ló kù kí aago méjìlá lù nígbà tí orin náà já. Obìnrin kan sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ni. Ó gba orúkọ, ó gba nọ́ńbà káàdì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé aláìsàn wà níbẹ̀? Mo fẹ́ gbọ́ látẹnu rẹ̀ pé òun ló fẹ́ pe ẹjọ́ yìí."

Marlys ti fóònù sí iwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Kangas. Báwo lara?"

Ẹnu Reino ti là kó tó ronú. "Kò burú jù."

Bernadine fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú. Lórí fóònù, wọ́n gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń tẹ̀wé, tàkà-tàkà-tàkà.

"Ta ló máa ràn yín lọ́wọ́ nílé, sà?"

"Ìyàwó mi. Ẹ má fòyà. Ó lágbára bí ẹṣin." Ó sì wo Marlys bó ṣe sọ ọ́, ìfẹ́ kún ojú rẹ̀, ó ń fi í yangàn bí ọmọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ tuntun han ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Marlys tí ó ti dì mọ́ra láti oṣù kìíní. Ó ti pinnu pé òun ò ní sọ ọ́ fún un láéláé, pàápàá lẹ́yìn tí Reino ṣubú tó fi kán ìbàdí. Ó rí i nísinsìnyí pé bí ọkọ ṣe ń pa irọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ń pa á; irọ́ kan náà ni, ìfẹ́ ló sì bí méjèèjì.

"Reino," ló wí, "mi ò lè fi apá òsì gbé ìkòkò kọfí."

"Kí lo wí?"

"Iṣan èjìká mi ti já. Dókítà ti yàwòrán rẹ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ gbé ju ìwúwo ìwé àdúrà lọ. Mi ò lè gbé ọ. Bí o bá ṣubú nílé, ilẹ̀ lo máa wà, èmi náà á jókòó tì ọ́ nílẹ̀."

"Irọ́ ni. Ta ló wá ń kó yìnyín ẹnu ọ̀nà wa?"

"Èmi ni," ni Bernadine wí láti abẹ́ aṣọ ìnuwọ́. "Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní. Èmi náà ni mò ń gé igi. Ìyàwó rẹ ní bí mo bá sọ ọ́, òun ò ní bá mi ṣeré mọ́."

Reino wo ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó tán, ó tún wò ó, bí ẹni tó ti ń gbé nínú ilé kan fún àádọ́ta ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yàrá tí kò wọ̀ rí.

"Sà, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" ni fóònù béèrè.

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ rẹ̀ ńlá gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. "Arábìnrin," ló wí, "ẹ pa gbogbo ohun tí mo sọ rẹ́. Ẹ kọ èyí."

"Mò ń gbọ́."

"Mi ò lè dìde lórí àga. Ẹni méjì ló ń gbé mi lọ sílé ìyàgbẹ́." Iwájú orí rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹni méjì náà ló ń nù mí. Ó ń dùn mí láti ìgbà tí mo bá ti jí títí wọ́n á fi fún mi ní oògùn alẹ́. Bí wọ́n bá mú mi rìn, ọmọkùnrin kan ló ń fi bẹ́líìtì gbé ìdajì ara mi látẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà nílé wa. Mi ò lè gun ọ̀kan. Èmi Reino Kangas ni mo ń pe ẹjọ́ yìí."

Tàkà-tàkà-tàkà. Obìnrin náà ka nọ́ńbà ẹjọ́ fún wọn, Marlys kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ nítorí pé kò rí ìwé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

"A máa gba fáìlì yín lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú," ni obìnrin náà wí. "Bí ohun tí wọ́n kọ lónìí bá yàtọ̀, kí wọ́n fi kún un kí aago mẹ́rin tó lù. Ohun tó wà nínú fáìlì ni dókítà wa máa kà. Èsì á jáde lọ́la."

*

Aago kan ni wọ́n wá gbé Reino lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn. Brenna, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ ọ, dé pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ àti fáìlì. Cody, ọmọkùnrin alápá ńlá, di bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí. Wọn kì í jẹ́ kí ará ilé wọlé lásìkò yẹn. Marlys wọlé.

"Báwo ni, Reino? Ṣé kò sí ìrora?"

Reino wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ó wà."

Brenna dúró, bírò rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. "Níbo?"

"Bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí. Bí mo bá débi tó dáwọ́ dúró, màá sọ fún ọ. Cody, má gbé mi lónìí. Di bẹ́líìtì mú kí n má bàa ṣubú, ṣùgbọ́n má gbé mi."

Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, ó jókòó. Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Brenna fúnra rẹ̀ ní láti wọ abẹ́ apá rẹ̀ kejì kó tó dúró, ó sì rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta láàárín irin méjì tí wọ́n máa ń dì mú rìn. Ní ìṣísẹ̀ kẹta ló ké. Igbe náà kò gùn. Ṣùgbọ́n Marlys, tó ti bímọ méjì fún un, tó ti sin ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì mú, kò sì kúrò lójú kan.

Wọ́n gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Brenna ń kọ̀wé, etí rẹ̀ pọ́n.

"Kà á sí mi létí," ni Marlys wí.

"Mà, a kì í…"

"Kà á, ọmọ mi."

Brenna kà á. "Aláìsàn nílò ẹni méjì láti dìde. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ó ké fún ìrora. Kò lè tẹ̀síwájú." Ó gbé fáìlì sílẹ̀. "Ìyáàfin Kangas, mo máa ń bi í lójoojúmọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, ojoojúmọ́ ni mo ń bi í. Mo rí ọwọ́ Cody lára bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ ni mo ń kọ."

"Ìlú wo lo ti wá?"

"Florida, mà."

"Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀gà ní í ní ẹ̀gà ń pàtótó." Marlys fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ nìkan. Kọ ti bẹ́líìtì náà sí i. Kọ pé láti ọjọ́ kìíní ni Cody ti ń gbé e. Fi orúkọ rẹ àti aago sí i."

Brenna kọ ọ́. Cody náà fọwọ́ sí i, láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún un.

Marlys gbé ìwé náà lọ fún Janelle fúnra rẹ̀, ó sì dúró ti ẹ̀rọ fáàsì tí wọ́n fi ń fi ìwé ránṣẹ́ bí ẹni tó dúró ti obìnrin tó ń rọbí, títí ẹ̀rọ náà fi tu bébà kékeré kan jáde pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ lọ simi nílé, mà," ni Janelle wí. "Ọwọ́ wọn ló kù sí."

"Bí wọ́n bá ní rárá lọ́la, ta ló kàn?"

"Ẹ lè ní kí wọ́n tún gbé e yẹ̀ wò."

"Lẹ́yìn wọn ńkọ́?"

"Adájọ́ kan wà. Lẹ́yìn adájọ́…" Janelle kà á sórí ìka. "Márùn-ún ni gbogbo rẹ̀."

"Kọ nọ́ńbà márààrún sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tó padà dé yàrá, Bernadine ti lọ gbé ọkọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Reino wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó kọjú sí ògiri. Òógùn ti mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Marlys mọ̀ pé ojú ló ń tì í, ó sì mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ sí i tí kò ní dà bí iyọ̀ lójú egbò. Ó fa àga kan, ó jókòó tì í. Wọ́n jọ ń wo ògiri.

"Ṣé wọ́n gbà á?" ni Reino béèrè.

"Wọ́n gbà á wọlé. Èsì dọ̀la."

"Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ibi mẹ́rin ṣì kù tí a lè lọ."

Ó ronú sí ìyẹn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kọjá, àwo ń kan àwo.

"Mo fẹ́ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀," ló wí.

Marlys na ọwọ́ sí agogo ìpè tó wà lára ògiri. Reino mú un lọ́wọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tó mú un gbóná, ó sì dúró ṣinṣin.

"Sọ fún wọn pé kí ẹni méjì wá," ló wí. "Kí wọ́n má rán ẹnì kan ṣoṣo."